Henry Carr

Henry Rawlinson Carr (ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1863 – ọdún 1945) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀kọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ọmọ Yorùbá láti ìlú Èkó. Òun ni ó ṣe ètò tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì fi dá King's College sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Nàìjíríà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

A bí Carr ní Èkó sínú ẹbí Sàró, ìyẹn àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n gbé ní Sierra Leone kí wọ́n tó padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, níbi tí ó ti gboyè pẹ̀lú ọlá nínú ìmọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1882. Lẹ́yìn èyí, ó tún kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú London. Ó padà sí Èkó ní ọdún 1885, ó sì di olùkọ́ ní CMS Grammar School.

Iṣẹ́ ìjọba àti ìdásílẹ̀ King's College

Ní ọdún 1889, Carr wọ iṣẹ́ ìjọba, ó sì di ọ̀kan lára àwọn alábòójútó ilé-ìwé. Ní àkókò yìí, ọwọ́ àwọn ìjọ Kristẹni ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé wà. Carr gbà pé ojúṣe ìjọba ni láti pèsè ẹ̀kọ́ tí ó yè kooro fún àwọn ọmọ ìlú, láìka ẹ̀sìn wọn sí.

Èrò yìí ni ó hàn nínú ètò tí ó ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Ilé-ìwé náà ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1909 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá péré. King's School ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. James Churchill Vaughan àti Isaac Ladipo Oluwole wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì di oníṣègùn òyìnbó. Nígbà tí ó yá, ilé-ìwé náà ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ láti ọ̀nà jíjìn sì ń gbé ibẹ̀.

Aáwọ̀ pẹ̀lú Herbert Macaulay

Ní ọdún 1918, Carr di ajẹ́lẹ̀ ìlú Èkó, ipò tí ó ga púpọ̀ fún ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà láyé ìjọba amúnisìn. Ipò yìí dá ọ̀tá sílẹ̀ fún un. Nígbà tí aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín ìjọba àti Ọba Èṣùgbàyí, ẹ̀yìn ìjọba ni Carr wà, Herbert Macaulay sì wà lẹ́yìn ọba. Macaulay kọ ìwé ìléwọ́ kan láti fi béèrè pé kí Carr kúrò nípò. Ọ̀pọ̀ ará Èkó ka Carr sí ẹni tí ó fara mọ́ òyìnbó ju bí ó ti yẹ lọ. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1924.

Ìyanṣẹ́lódì ọdún 1944

Ohun tí Carr gbìn so èso tí kò rò tẹ́lẹ̀. Vaughan ni ó di ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gba ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ King's College fún àwọn sójà, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí àárín ìlú. Ní ọdún 1944, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí kóòtù, wọ́n sì fi ipá mú àwọn kan wọ iṣẹ́ ológun. Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí kò padà wálé láàyè. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ará ìlú nínú, ó sì wà lára ohun tí ó fa ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Macaulay, tí ó ti bá Carr jà tipẹ́, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ náà.

Ikú àti ogún

Carr kú ní ọdún 1945. Ó fi àwọn ìwé tí iye wọn tó 18,000 sílẹ̀. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ara ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.