Skip James: Onígìtá tí ayé gbàgbé fún ọgbọ̀n ọdún ó lé

Nehemiah Curtis James ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Skip James ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, ọdún 1902, nítòsí Bentonia, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Inú oko ńlá òyìnbó ni ìyá rẹ̀ ti ń dáná. Bàbá rẹ̀, tó ti fìgbà kan ta ọtí tíjọba fòfin dè, padà wá di oníwàásù.

Ẹni tó fi ọ̀nà gìtá hàn án ni Henry Stuckey, ará àdúgbò wọn. Stuckey wà lára àwọn sójà tó lọ sí ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tí òun bá pàdé níbẹ̀ lòun ti rí bí wọ́n ṣe ń to ohùn okùn gìtá lọ́nà tó yàtọ̀. Nígbà tó délé, ó fi han James.

Ọ̀nà náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Lórí gìtá tí gbogbo èèyàn mọ̀, bẹ́ẹ̀ bá kà á láti orí okùn tó nípọn jù, E, A, D, G, B, E lohùn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní ti Bentonia, wọ́n á fa okùn A le títí á fi di B, wọ́n á fa okùn D náà le títí á fi di E. Ó parí. Tẹ́ ẹ bá wá fọwọ́ gba gbogbo okùn láì tẹ ìkankan mọ́lẹ̀, ohùn tó máa jáde á dà bíi ti ẹni tí ìbànújẹ́ bá. Kí okùn má baà já, àwọn mìíràn á dẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò ló ń ta àwọn okùn tó nípọn, àwọn ìka sì ń ta orin lórí àwọn okùn tín-ín-rín. Ìyẹn ló máa ń dààmú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ: àtàǹpàkò ò gbọdọ̀ dúró de ìka.

Lọ́dún 1931, H. C. Speir, tó ní ìsọ̀ àwo orin nílùú Jackson, gbọ́ James, ó sì fà á lé ilé iṣẹ́ Paramount lọ́wọ́. James wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Grafton ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Orin 18 ló jáde níbẹ̀. Ó ta gìtá sí àwọn kan, ó tẹ dùùrù sí àwọn mìíràn.

Àmọ́ ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà. Àwo ò tà, owó ò wọlé. James pa orin blues tì, ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sílùú Dallas, ó ń kọrin ìyìn. Síbẹ̀, Robert Johnson mú lára orin rẹ̀ lò lọ́dún 1936 àti 1937, òkìkí Johnson sì padà ju ti James lọ fíìfíì.

Ọdún 1964 ni àwọn ọ̀dọ́ onígìtá mẹ́ta, John Fahey, Bill Barth àti Henry Vestine, wá a kàn ní ọsibítù kan nílùú Tunica. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára gìtá tipẹ́, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ra. Nínú oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ó wà lórí ìtàgé àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ ní Newport, níwájú èrò rẹpẹtẹ.

Lọ́dún 1966, ẹgbẹ́ olórin Cream láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ọ̀kan nínú àwọn orin 1931 náà kọ. Owó tó tọ́ sí James gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni orin náà dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì wúlò fún ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ tó ń bá a fà á. Ó kú nílùú Philadelphia ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá, ọdún 1969, lẹ́ni ọdún 67.

Àwo Paramount tó ṣẹ́ kù kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìtò okùn tí Stuckey gbé ti ojú ogun dé kò bá James wọlẹ̀. Jack Owens, ará Bentonia, ń ta á títí tó fi kú lọ́dún 1997. Jimmy “Duck” Holmes, tó kọ́ ọ lọ́wọ́ Stuckey àti Owens, gbà á lọ́wọ́ wọn, òun náà sì ń fi han àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.