James Watt àti Omi Tútù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbọ́ ìtàn ọmọdé kan tí ó jókòó ti iná, tí ó ń wo bí oru omi ti ń gbé ọmọrí kẹ́tùlù sókè, tí ọgbọ́n ẹ̀rọ sì ti ibẹ̀ yé e. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n kò bá òtítọ́ mu. Kí a tó bí James Watt ni ẹ̀rọ tí ń fi oru ṣiṣẹ́ ti wà, nítorí pé Thomas Newcomen, ará England, ti gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1712 láti máa fa omi kúrò nínú kòtò àwọn awakùsà. Ohun tí Watt ṣe jinlẹ̀ ju ti ọmọrí kẹ́tùlù lọ. Òun ni ó fi yé ayé pé agbára ẹ̀rọ kò sí nínú iná nìkan, àti pé ọ̀nà tí a fi ń mú oru tutù ṣe pàtàkì tó iná tí ó sè é.

Ìlú Greenock, ní etí odò Clyde ní ilẹ̀ Scotland, ni a ti bí i ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1736. Bàbá rẹ̀ a máa kan ọkọ̀ ojú omi, a sì máa ta ohun èlò fún àwọn atukọ̀. Ara ọmọ náà kò le, orí fífọ́ a sì máa dà á láàmú, nítorí náà ilé ni ìyá rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìwé. Ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ irin iṣẹ́.

Ní ọdún 1755 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe àwọn ohun èlò ìwọ̀n. Ọdún kan péré ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé Glasgow, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ìlú náà kọ̀ fún un láti ṣí ìsọ̀, nítorí pé kò sin ọ̀gá fún ọdún méje gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Yunifásítì ni ó gbà á. Ní ọdún 1757 wọ́n fún un ní yàrá kan nínú ọgbà wọn, níbi tí àṣẹ ẹgbẹ́ náà kò dé.

Yàrá yìí ni wọ́n gbé àwòṣe kékeré ẹ̀rọ Newcomen kan wá ní ìgbà òtútù ọdún 1763, pé kí ó tún un ṣe. Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: oru á wọ inú sìlíńdà lọ, á kún ìsàlẹ̀ písítìn, wọn á wá fọ́n omi tútù sínú sìlíńdà náà, oru á di omi, àyè tí ó gbà á di òfìfo, ìwúwo afẹ́fẹ́ òde á sì tẹ písítìn wálẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí ó mú oru tutù ti mú sìlíńdà náà tutù pẹ̀lú. Oru tuntun tí ó bá dé yóò kọ́kọ́ mú irin gbóná ná kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ kankan. Ó dà bí ẹni tí ń dín àkàrà, tí ó ń fi omi tútù ṣan agbada lẹ́yìn ìdín kọ̀ọ̀kan, tí ó tún ń dáná sí i lákọ̀tun. Watt wọn oru náà, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ó ń ṣòfò.

Ó ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú u. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1765, bí ó ti ń rìn kiri ní pápá Glasgow Green, ojútùú rẹ̀ dé. Kí sìlíńdà máa gbóná nígbà gbogbo; kí oru gba páìpù kọjá sínú àgbá mìíràn tí yóò máa tutù nígbà gbogbo, kí ó sì di omi níbẹ̀. Àgbá kejì yìí ni à ń pè ní kọ̀ǹdẹ́ńsà. Pọ́ǹpù kan ni yóò máa fa omi àti afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni ọgbọ́n náà dé, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Watt gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1769, àmọ́ gbèsè wọ ẹni tí ó ń fi owó ràn án lọ́wọ́ lọ́rùn, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè ṣe sìlíńdà tí ó rí róbótó dáadáa. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni ó fi ń bọ́ ara ilé rẹ̀. Ní ọdún 1773 ìyàwó rẹ̀ kú. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó kó lọ sí Birmingham lọ́dọ̀ Matthew Boulton, oníṣòwò tí ó lówó tí ó sì láyà. John Wilkinson ni ó bá wọn lu sìlíńdà tí kò jẹ́ kí oru jò, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1776. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn awakùsà ni ìdá kan nínú mẹ́ta iye owó èédú tí ẹ̀rọ wọn bá dín kù. A kò gbọdọ̀ fi pamọ́ pé ìwé àṣẹ yìí, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sún síwájú di ọdún 1800, ni Watt fi dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n mìíràn.

Ní ọdún 1807 ni ẹ̀rọ Boulton àti Watt wa ọkọ̀ Robert Fulton lórí odò Hudson ní Amẹ́ríkà. Omi odò kò fa wàhálà. Òkun ni ó fà á. Nínú kọ̀ǹdẹ́ńsà Watt, omi tútù àti oru a máa dà pọ̀, omi àdàpọ̀ náà ni wọ́n sì ń bù padà sínú àgbá tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Lójú òkun, omi iyọ̀ ni. Iyọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara àgbá bí èèpá, kì í jẹ́ kí ìgbóná wọ inú omi, irin á sì máa pọ́n títí ó fi lè bẹ́. Nítorí náà àwọn oníṣẹ́ inú ọkọ̀ a máa tú omi iyọ̀ gbígbóná dànù lóòrèkóòrè, wọn a sì máa fi òòlù ha èèpá náà kúrò.

Watt kò rí òpin ìṣòro yìí. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1819, ní ẹni ọdún 83. Ní ọdún 1834 ni Samuel Hall gba ìwé àṣẹ lórí kọ̀ǹdẹ́ńsà onípáìpù, nínú èyí tí omi òkun àti oru kì í fara kan ara wọn. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ ni Watt fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ dán wò, kí ó tó yan omi fífọ́n. Ọkọ̀ Sirius gbé ti Hall la òkun kọjá láti Cork dé New York ní ọjọ́ 18, ní ọdún 1838. Ẹgbẹ́ tí Macgregor Laird jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ ni ó yá ọkọ̀ náà. Laird yìí kan náà, ọmọ Greenock bíi ti Watt, ni ó ti bá ọkọ̀ Quorra àti Alburkah wọ odò Ọya ní ọdún 1832. Síbẹ̀, ọ̀rá ẹran tí wọ́n fi ń pa sìlíńdà a máa dí páìpù Hall, ó sì pẹ́ kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó gbà á tọkàntọkàn.

Ọkọ̀ òde òní tí ń jó dísẹ́lì kì í sábà lo oru láti rìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀. Omi tí kò níyọ̀, tí a po oògùn ìpẹtà mọ́, ni ó ń yí sìlíńdà ká. Omi òkun a sì kọjá ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú páìpù tàbí láàárín àwo irin tẹ́ẹ́rẹ́, a gba ìgbóná rẹ̀, a padà sínú òkun. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ a máa fọ asẹ́ tí ń dá koríko àti ìdọ̀tí dúró, wọn a sì máa pààrọ̀ síńkì tí iyọ̀ òkun ń jẹ dípò irin. Bí omi inú ẹ̀rọ bá ń gbóná sí i nígbà tí pọ́ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọn a ṣí ibi ìtutù náà, wọn a sì fi búrọ́ọ̀ṣì gún inú páìpù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.