Charles Darwin àti Àwọn Ẹranko Etí Òkun Olókùúta

Òkè ni ó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká. Àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ àpáta dáadáa, wọ́n sì mọ alángbá tí í sá kiri lórí rẹ̀. Àpáta wà ní etí òkun pẹ̀lú ní àwọn ilẹ̀ kan, àwọn ẹranko mìíràn ni ó sì ń gbé ibẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ni Charles Darwin.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, ọdún 1809, ni a bí i ní ìlú Shrewsbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí Darwin ṣe irú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1825, ó rán an lọ sí yunifásítì Edinburgh. Ṣùgbọ́n Darwin kò lè fara da iṣẹ́ abẹ, nítorí pé kò tíì sí oògùn akunilóorun nígbà náà. Etí òkun ni ó máa ń lọ, tí yóò máa ṣa àwọn ẹranko kéékèèké.

Ní ọdún 1831, wọ́n pè é kí ó bá ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Beagle yí ayé ká. Bàbá rẹ̀ kọ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni ó bá a bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbà.

Ní oṣù kìíní, ọdún 1832, ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Santiago, erékùsù kan ní Cape Verde, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí omi òkun fà sẹ́yìn, omi díẹ̀ ṣẹ́ kù sínú kòtò àwọn òkúta. Níbẹ̀ ni Darwin ti rí octopus, ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kò ní egungun. Bí ó bá fẹ́ mú un, yóò tu omi bíi tàdáwà jáde, yóò sì sá wọ inú pàlàpálá òkúta. Àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bíi ti ọ̀gà. Darwin rò pé òun ni ó kọ́kọ́ rí èyí. Ó kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà fèsì pé a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Darwin kò torí èyí jáwọ́.

Ní etí òkun Chile, ní ọdún 1835, ó rí ẹranko kan tí kò ju orí pínnì lọ, tí ó gbẹ́ ihò sínú ìkarahun ìgbín òkun. Ìbátan barnacle ni. Barnacle a máa fi orí lẹ̀ mọ́ òkúta, a sì máa fi ẹsẹ̀ gbá oúnjẹ wọ ẹnu. Bí omi bá fà, yóò pa ìkarahun rẹ̀ dé kí ara rẹ̀ má baà gbẹ.

Kí Darwin lè mọ ẹranko kékeré yìí dájú, ó yẹ gbogbo irú barnacle wò láti ọdún 1846 títí di ọdún 1854. Àìsàn ń dà á láàmú. Ní ọdún 1851, Annie, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kú ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Síbẹ̀ Darwin parí iṣẹ́ náà, ó sì kọ ìwé mẹ́rin lórí rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó fara balẹ̀ tú èèrà tí ó sì rí ìfun inú rẹ̀.

Ní ọdún 1859, ó tẹ ìwé mìíràn jáde lórí bí ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ìwé yìí ni ó sọ ọ́ di olókìkí jákèjádò ayé. Ó kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, ọdún 1882. Wọ́n sin ín sí Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fojú kéré ẹranko kékeré. Ẹni tí ó bá fi sùúrù wò ó yóò rí ọgbọ́n kọ́.