Àjàyí Crowther padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á

Ní ọdún 1821, ogun kó Àjàyí àti ìyá rẹ̀ ní Ọ̀ṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Pọtogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó sì di Kristẹni ní Sàró.

Ní 1845, ó padà wá fúnra rẹ̀. Àgbádárìgì ló gúnlẹ̀ sí, èbúté ẹrú tí kò jìnnà sí àwa ará Ita-Djèbou (ilé-ìwé Faransé kò sọ èyí fún wa), ó sì ń wàásù láàárín àwọn tó ń ta ènìyàn. Ọdún kejì, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kanra.

Kò gbẹ̀san, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ní 1851, ó ròyìn òwò ẹrú Èkó fún Ọbabìnrin Victoria. Kí ọdún náà tó parí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yin àgbá lu Èkó, ọ̀rọ̀ tó ṣì ń fa àríyànjiyàn.

Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà ogbó rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó inú ìjọ rẹ̀ fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá wọn dúró. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ní 1890, kò fi ìjọ sílẹ̀. Èkó ló kú sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891.