Robert Burns: Akéwì tí gbèsè lé wọ sàréè, tí wọ́n ń torí ẹ̀ se àsè lọ́dọọdún

Bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní, bá ti pé lọ́dọọdún, àwọn ọmọ Skọ́tílándì nílé lóko a máa kóra jọ sídìí oúnjẹ alẹ́ kan. Ẹni tó ń fun fèrè alápò awọ ni yóò ṣáájú, ẹni tó gbé àwo oúnjẹ yóò tẹ̀ lé e, gbogbo àlejò yóò sì dìde dúró. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú àwo ọ̀hún kì í ṣe oúnjẹ ọlọ́lá rárá. Haggis ni wọ́n ń pè é: ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí wọ́n fi ọ̀rá, àlùbọ́sà àti ọkà tí wọ́n fi ń ṣe kúékà pò, tí wọ́n wá rọ sínú àpòlúkù ẹran náà, tí wọ́n sì sè é. Ẹnì kan yóò fi ewì ki oúnjẹ náà bí ẹni ń ki ọba, yóò fi ọ̀bẹ là á, ọtí wisikí yóò sì tẹ̀ lé e.

Robert Burns ló kọ ewì náà, òun náà ni wọ́n torí ẹ̀ se àsè. Ṣùgbọ́n gbèsè owó aṣọ kan ṣoṣo kò jẹ́ kí ọkùnrin yìí fi ìfọ̀kànbalẹ̀ kú.

Ọdún 1759 ni wọ́n bí i ní Alloway, lẹ́bàá ìlú Ayr, nínú ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ̀, William, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ méje. Ilẹ̀ olówó ni bàbá náà ń yá dá oko. Ilẹ̀ náà kò lọ́ràá, owó rẹ̀ sì wọ́n. Síbẹ̀, òun àtàwọn aládùúgbò dáwó jọ láti gba olùkọ́ fáwọn ọmọ wọn. Láti kékeré ni Robert ti ń ṣe iṣẹ́ àgbàlagbà lóko, ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ló sì gbà pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó yẹn ló ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí bàbá àti onílẹ̀ dé ilé-ẹjọ́, bàbá jàre, àmọ́ ẹjọ́ ti jẹ owó rẹ̀ tán. Oṣù kejì, ọdún 1784, ló kú.

Ọdún 1786 gan-an lọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Jean Armour lóyún fún Burns, bàbá ọmọbìnrin náà, ọ̀gá bíríkìlà, sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò fẹ́ ẹ lána. Ó tún gba ìwé ilé-ẹjọ́ lé e lórí nítorí owó ìtọ́jú ọmọ. Burns ń sá pamọ́ kiri. Ló bá pinnu láti lọ sí Jàmáíkà, kó lọ ṣe akọ̀wé nínú oko kan tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó padà kọ orin pé ọgbọọgba ni gbogbo èèyàn, òun náà ló fẹ́ lọ jẹun nínú òógùn ẹrú. Ìṣẹ́ ló lé e, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n máa fi wisikí gbé ìyẹn mì níbi àsè.

Kó lè rówó ọkọ̀, ó tẹ àwọn ewì rẹ̀ jáde nílùú Kilmarnock, lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù keje, ẹ̀dà 612, ní ṣílè mẹ́ta mẹ́ta. Kíá ni wọ́n rà á tán. Ìwé tó yẹ kó fi wọkọ̀ lọ wá di ohun tó dá a dúró sílé. Nígbà tó máa fi di oṣù kọkànlá, ó ti wà ní Edinburgh, níbi táwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wò ó bí ìran pé àgbẹ̀ lásán ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Àgbẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kàwé ju ohun tí wọ́n rò lọ.

Ọdún 1788 ló di tọkọtaya pẹ̀lú Jean. Oko tó gbà ní Ellisland kò mówó wọlé, ló bá ṣiṣẹ́ agbowó-orí ọjà fún ìjọba, ó sì kó lọ sí Dumfries lọ́dún 1791. Láàárín gbogbo èyí, ó ń ṣa orin àbáláyé ilẹ̀ wọn jọ, ó ń tún wọn ṣe, ó sì ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Auld Lang Syne, tí gbogbo ayé ń kọ bí ọdún bá yí padà, wà lára wọn.

Nínú oṣù keje, ọdún 1796, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀ nígbà tí oníṣòwò aṣọ kan ní kó san owó aṣọ ẹgbẹ́ ológun àfínnúfíndọ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n bà á. Ẹni tí kò gba owó orin yìí wá kọ̀wé sí George Thomson, ọ̀kan lára àwọn tó ń tẹ orin náà, pé kó ta òun ní pọ́n-ùn márùn-ún. Thomson fi í ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù náà, Burns kú lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú rẹ̀ gan-an ni Jean bí ọmọkùnrin míì fún un.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, lọ́dún 1801, ọkùnrin mẹ́sàn-án tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti olólùfẹ́ rẹ̀ pàdé nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n ti bí i, tó ti di ilé ọtí. Wọ́n jẹ haggis àti orí àgùntàn, wọ́n mu, wọ́n sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹgbẹ́ kan ní Greenock ní ọjọ́ ìbí ló dáa jù, ṣùgbọ́n ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiwọn, àfi ìgbà tí wọ́n rí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọ ní Ayr lọ́dún 1803.

Jean kò kúrò ní Dumfries. Inú ilé tí ọkọ rẹ̀ kú sí ló wà títí tóun náà fi kú lọ́dún 1834.