Stevie Ray Vaughan àti Okùn Gìtá Tó Sanra

Ìpele kẹta ni mo wà nígbà tí mo ba gìtá ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Ó yá mi í kí n lè máa ta á nínú ẹgbẹ́ akọrin wa nínú ọgbà ilé ìwé. Mo ti kà á níbì kan pé okùn tó sanra gan-an ni Stevie Ray Vaughan ń lò, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ràn bó ṣe ń ta gìtá tó o. Bí mo ṣe rówó díẹ̀ báyìí, mo ra irú okùn náà, mo so ó mọ́ gìtá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọrùn gìtá fi tẹ̀, tí orí ìka mi sì bó. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ka ìtàn ọkùnrin náà dáadáa.

Ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1954 ni wọ́n bí i ní Dallas, ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Jimmie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ta gìtá. Èyí tí Jimmie bá ti lò ló ń bọ́ sí àbúrò lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 17 ni Stevie nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ sí Austin, tó ń ta orin blues ní ilé ọtí. Ní 1982, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Double Trouble, ṣeré ní Montreux ní Switzerland. Àwọn kan nínú èrò pariwo lé wọn lórí, ṣùgbọ́n David Bowie wà níbẹ̀, ó sì mú Stevie lọ ta gìtá nínú àwo Let's Dance. Ní 1983 ni Texas Flood, àwo tirẹ̀, jáde.

Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára gìtá ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ju 0.009 tàbí 0.010 ínṣì lọ. Ti Vaughan jẹ́ 0.013, èyí tó sanra jù jẹ́ 0.058. Ohùn irú okùn bẹ́ẹ̀ máa ń kún, ó sì lè gba ọwọ́ líle. Ohun tí mo fò kọjá ni pé ó máa ń sọ ohùn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kalẹ̀, kí E di E-flat. Àwa tí a kọ́ fònẹ́tíìkì ló yẹ kó tètè yé: bí tán-án-ná bá le, ohùn á lọ sókè, bó bá dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Okùn tó sanra gbọ́dọ̀ le ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ kí ohùn wọn tó dọ́gba. Vaughan dẹ ti tirẹ̀. Èmi fà á le títí ọrùn gìtá fi tẹ̀.

Síbẹ̀, okùn rẹ̀ ń já. Ibi tí okùn ti tẹ̀ kọjá lórí irin ìdí gìtá ló ti sábà máa ń gé. René Martinez, tó ń bá a tọ́jú gìtá, máa ń fi ike tí wọ́n bọ́ lára wáyà iná wọ okùn níbẹ̀, kí irin má baà máa ha irin. Súpà gúlù ni Vaughan fi ń tún orí ìka tirẹ̀ ṣe.

Ara rẹ̀ ni kò tọ́jú. Ní 1986, ọtí àti oògùn olóró fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́nu ìrìn-àjò orin ní Yúróòpù. Ó gba ìtọ́jú, ó sì jáwọ́ pátápátá. In Step, tó ṣe lẹ́yìn náà, jáde ní 1989, ó sì gba Grammy. Òun àti Jimmie wá ṣe àwo kan pọ̀. Kí àwo náà tó jáde, ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1990, hẹlikópítà tó gbé e kúrò níbi eré ní Wisconsin já lulẹ̀. Ọmọ ọdún 35 ni.

Ìka ò dọ́gba. Ìka tèmi kì í ṣe ti Vaughan. 0.010 ni mò ń lò báyìí. Bí mo bá ta gìtá tán, mo máa ń fi aṣọ gbígbẹ nu okùn, torí òógùn ló ń jẹ́ kó dípẹtà. Bí ohùn rẹ̀ bá ti kú, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ èyí tó sanra, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ gìtá kọ́kọ́ tún irin inú ọrùn rẹ̀ yí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi gbé gìtá náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ọrùn rẹ̀ ti tọ́. Kò gbà á padà lọ́wọ́ mi.