Arthur Eddington àti Ìmọ́lẹ̀ Ìràwọ̀

A fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bá wa rántí Arthur Stanley Eddington. Ọmọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni, tí a bí ní Kendal ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1882. Baba rẹ̀ kú ní ọdún 1884, ìyá rẹ̀ sì fi owó díẹ̀ tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀kọ́ gbé e ga, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Cambridge ní ọdún 1913.

Ní ọdún 1914 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Albert Einstein parí ìmọ̀ tuntun kan ní Berlin. Newton ti kọ́ aráyé pé agbára kan ni oòrùn fi ń fa ilẹ̀ ayé mọ́ra. Einstein fi hàn pé àyè àti àkókò so pọ̀, bí òwú gbọọrọ àti òwú ìdábùú ti so pọ̀ nínú aṣọ òfì, àti pé ohun wúwo a máa tẹ aṣọ yìí wọlẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́rin bá na aṣọ, tí a sì gbé ọmọ ọlọ sí àárín rẹ̀, ọsàn tí a bá yí sórí aṣọ náà yóò yà síhà ọlọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fà á. Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ pàápàá yóò yà díẹ̀ bí ó bá ń kọjá lẹ́bàá oòrùn, àkókò a sì máa falẹ̀ nítòsí ohun wúwo.

Willem de Sitter, ọ̀mọ̀wé ará Holland, ni ó fi ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí Eddington. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ ohunkóhun láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá, ṣùgbọ́n òun kà á, ó sì kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọmọ ìjọ Quaker ni, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó gbé ìbọn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ mú un lọ sí ogun ní ọdún 1918, ẹ̀wọ̀n ìbá lè jẹ́ ìpín rẹ̀. Ṣùgbọ́n Frank Dyson, olórí awòràwọ̀ ìjọba, bẹ̀bẹ̀ fún un nítorí ìrìn-àjò kan.

Ìrìn-àjò náà gbé e dé Príncipe, erékùṣù àwọn Potogí nígbà náà ní etí òkun Áfíríkà, níbi tí òṣùpá yóò ti bo oòrùn ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919. Bí ọ̀sán bá dòru, ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ oòrùn yóò hàn. Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, Einstein ṣírò pé ìmọ́lẹ̀ wọn yóò yà ní ìpín 1.75 létí oòrùn. Ìṣirò ti Newton jẹ́ ìdajì rẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu kò sì tán. Láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, Eddington ya àwòrán 16. Díẹ̀ péré ni ìràwọ̀ hàn nínú wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya tiwọn ní Sobral ní ilẹ̀ Brazil. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, a kéde ní London pé Einstein ni ó jàre. Àwọn kan ṣiyèméjì sí àwòrán wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó péye jù wọ́n lọ ti fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ láti ìgbà náà.

A kò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 1935, Chandrasekhar, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà, fi ìṣirò hàn pé ìràwọ̀ tí iná rẹ̀ ti kú yóò wó sínú ara rẹ̀ bí ó bá wúwo jù. Eddington ta kò ó ní gbangba, ọ̀dọ́ náà ni ó sì jàre. Ẹni tí ó gba òtítọ́ lẹ́nu ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọmọdé.

Eddington kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1944. Àwa tí a ó dúró níwájú àwọn ọmọdé lọ́la, ẹ jẹ́ kí a gba ti Príncipe ní àwòkọ́ṣe, kí a sì fi ti ọdún 1935 ṣe ìkìlọ̀. Nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.